Nígbà Tí Omi Bá Ba Ọkọ̀ Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Àrámọkọ-Èkìtì

  

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ fi lé wa lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe iṣẹ́ orin àti ijó. Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìnṣọ́ránsì, ohun tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní adójútòfò, pàápàá jù lọ lórí bí a ti ń gba owó gbà-má-bínú nígbà tí omi bá wọ inú ọkọ̀ tí ó sì bà á jẹ́. Ohun tí ó bí i ni lẹ́tà mẹ́ta tí akọ̀wé wa rí gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́: ọ̀kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan láti Èkó, ọ̀kan láti ọwọ́ awakọ̀ kan níhìn-ín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń san owó ìnṣọ́ránsì déédéé. Omi ba ọkọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó rí owó gbà, kò sì rí gbogbo rẹ̀ gbà. Nígbà tí a ka àwọn lẹ́tà náà tán, a rí i pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn, àti ohun tí olúkúlùkù fi pamọ́ bí ẹ̀rí, ni ó ti dá ẹjọ́ náà kí òjò tó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ọmọ wa yìí, tí ó ń gbé ní apá àríwá ilẹ̀ náà, ra ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kámpà. Ẹni tí kò bá rí i rí, kí ó ro bọ́ọ̀sì tí wọ́n yọ àga inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n tẹ́ ibùsùn sí i, tí wọ́n gbé ààrò gáàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n sì gbé ibi ìfọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí onílé ń gbé kiri bí ìgbín ti ń gbé ìkarahun rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ ni wọ́n ń gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester. Àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rọra o. Owó hòtẹ́ẹ̀lì òru méjì fún ènìyàn márùn-ún nílùú Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà jáde nígbà òtútù. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n tì í. Nígbà tí ooru padà dé tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, òórùn ohun tí ó ti bu ni ó kọ́kọ́ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Pákó àjà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Bí wọ́n bá fi ìka tì í, ìka á wọlé. Ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Wọ́n rán aṣàyẹ̀wò kan wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ọ̀rinrin inú pákó. Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó ya fọ́tò, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé pé omi náà kò wọlé ní ọjọ́ kan. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jò gba ojú ìsopọ̀ ara ọkọ̀, pé ọ̀ràn ogbó ni, àti pé ìwé àdéhùn ti yọ ogbó sílẹ̀. Wọn kò ní san kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Omi méjì ni ó wà lójú adójútòfò. Ọ̀kan ni omi tí ó dé ní ọjọ́ kan tí a lè dárúkọ: ìjì fọ́ fèrèsé, igi wó lu òrùlé, àgbàrá gbé ọkọ̀. Èkejì ni omi tí ó ń yọ́ wọlé bí olè láti ọdún dé ọdún: gọ́ọ̀mù ojú fèrèsé gbó, ìṣó orí òrùlé dógùn-ún, omi ń kán lẹ́ẹ̀kan lóṣù tí ẹnikẹ́ni kò fura. Pákó tí omi àkọ́kọ́ bàjẹ́ àti èyí tí omi kejì bàjẹ́ lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ wọn yóò sanwó fún ọ̀kan, wọn kò ní san fún èkejì. Àwọn tí ó ń ṣe ìnṣọ́ránsì kámpà àti kárábáànù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ èyí sínú ìwé wọn gbangba. Àwa tí a ń ra ìwé náà ni kì í kà á. Bí ó ti rí nìyẹn ní ilé pẹ̀lú: ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ á rìn yí i ká nígbà mẹ́ta, á bi àwọn aládùúgbò léèrè, ṣùgbọ́n ìwé ìnṣọ́ránsì tí ó tó ojú ewé ogún, kíkà tí à ń ka orúkọ ara wa ní ojú ewé àkọ́kọ́ ti tó wa.

Ọmọ wa kò pariwo, kò sì fi ìbínú dákẹ́. Ìṣe rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ní gbogbo ọdún, ó ń gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìsọ̀ àwọn tí ń tún kámpà ṣe kí wọ́n wọn ọ̀rinrin ara rẹ̀, ó sì ń tọ́jú ìwé tí wọ́n fún un. Ìwé ọdún tí ó ṣáájú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi hàn pé àjà ibẹ̀ gbẹ táútáú. Ó tún ní fọ́tò tí ó yà ní ọjọ́ kejì ìjì líle tí àwọn ará ibẹ̀ sọ ní Arwen, èyí tí ó jà ní òru ọjọ́ 26 sí 27 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tí ó wó igi púpọ̀ lulẹ̀ ní ìhà àríwá. Ẹ̀ka igi kan wà lórí òrùlé ọkọ̀ náà nínú fọ́tò yẹn. Nígbà tí ó sì gbé ọkọ̀ lọ sí ìsọ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé fèrèsé orí òrùlé ti sán, pé ibẹ̀ ni omi gbà wọlé sí igun iwájú.

Ó kó àwọn ìwé wọ̀nyí pọ̀, ó kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ náà. Ní ilẹ̀ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni àyè tí ilé-iṣẹ́ ní láti fi dá irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lóhùn. Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, ó lè gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Financial Ombudsman Service, tí òfin ọdún 2000 gbé kalẹ̀, láìsan owó kankan. Kí ó sáà má jẹ́ kí oṣù mẹ́fà kọjá lẹ́yìn lẹ́tà ìkẹyìn ilé-iṣẹ́ náà. Bí onílẹ́tà bá gba ìdájọ́ tí wọ́n dá níbẹ̀ ní ìkẹyìn, ilé-iṣẹ́ kò lè kọ̀ ọ́. Kò sí lọ́yà tí ẹnikẹ́ni ní láti gbà. A ń sọ èyí kíkankíkan nítorí a mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa lókè òkun ń bẹ̀rù láti bá ilé-iṣẹ́ òyìnbó jiyàn, bí ẹni pé lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé dídán jẹ́ àṣẹ ọba. Òfin sì wà pẹ̀lú wọn dé ibi kan: oníbéèrè ni yóò fi hàn pé ohun tí ìwé ṣèlérí láti sanwó fún ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé ọ̀ràn náà bọ́ sí abẹ́ ohun tí ìwé yọ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ni yóò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, ilé-iṣẹ́ náà yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n san owó igun iwájú tí fèrèsé sísán ti jẹ́ kí omi wọ̀. Wọ́n kọ̀ láti san owó igun ẹ̀yìn, níbi tí ìwé ọdún tí ó ṣáájú ti fi hàn pé ọ̀rinrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú ọmọ wa kò dùn tán. Lójú tiwa, ìdájọ́ náà tọ́. Ìwé kan náà tí ó gbè é níwájú ni ó tako o lẹ́yìn, kò sì sí bí a ṣe lè ní kí ẹ̀rí sọ ìdajì òtítọ́.

Lẹ́tà ti Èkó bani nínú jẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí òjò sọ títì di odò ní Lẹ́kkí àti ní ibi púpọ̀ nínú ìlú náà, omi mu ọkọ̀ ọmọ wa kan dé orí àga. Ìnṣọ́ránsì tí ó ní ni èyí tí à ń pè ní comprehensive, tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó kó ohun gbogbo pọ̀. Orúkọ yẹn ti tan ọ̀pọ̀lọpọ̀ jẹ. Ní Nàìjíríà, ìwé comprehensive sábà máa ń sanwó fún ìjàǹbá, iná àti olè, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ omíyalé sílẹ̀ àfi bí olówó bá ní kí wọ́n fi kún un, tí ó sì san owó díẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà ń sanwó fún ọkọ̀ tí omi bàjẹ́. Àwọn ọmọ wa tí ó ń bẹ ní Houston mọ èyí lẹ́yìn ìjì Harvey ti oṣù kẹjọ ọdún 2017. Nítorí náà, ẹni tí ó ti ibẹ̀ padà wálé, kí ó má fi òye ọ̀hún ra ìwé níhìn-ín.

Ohun kejì tún wà nínú lẹ́tà Èkó náà. Nígbà tí omi fà, ọmọ wa wọnú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ láti wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ni písítìnnì ń tẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbà kí a tẹ òun mọ́lẹ̀. Omi kì í gbà. Bí písítìnnì bá bá omi pàdé níbẹ̀, irin apá rẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́nrọ́ọ̀dù ni yóò wọ́. Ọkọ̀ tí ìbá gba fífọ̀, gbígbẹ àti òróró tuntun ti di ọkọ̀ tí ó nílò ẹ́ńjìnnì mìíràn. Bí ìnṣọ́ránsì omi tilẹ̀ wà, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé omi kọ́ ni ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ọwọ́ ẹni tí ó yí kọ́kọ́rọ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí òkè ni a wà, pé ti Èkó ni èyí. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ìbàdàn náà wà lórí òkè, síbẹ̀ odò Ògùnpa ṣe ohun tí ó ṣe níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, omi sì tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 nílùú yẹn kan náà ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n ká ni ó ń jẹ́ kí àgbàrá ibẹ̀ sáré. Omi tí ó ti òkè bọ̀ kì í dúró bi ọkọ̀ léèrè kí ó tó gbé e. Awakọ̀ tí ó kọ lẹ́tà kẹta sí wa kò lọ sí Èkó rárá. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ó gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ sí ní alẹ́ ọjọ́ kan, àgbàrá sì gbé e sínú gọ́tà náà. Third party ni ìwé tirẹ̀. Ìwé yìí ni òfin ọdún 1945 ti sọ di dandan fún gbogbo ọkọ̀, òun sì ni ọlọ́pàá ń béèrè lójú ọ̀nà. Owó rẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni gòkè láti 5,000 náírà sí 15,000 náírà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wa bá ṣe ní jàǹbá ni ó wà fún. Kò mọ ọkọ̀ tiwa rí.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: owó comprehensive pọ̀. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2023, àjọ tí ń ṣe àbójútó ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NAICOM, ti pàṣẹ pé owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà yóò san 400,000 náírà lọ́dún, kí a tó fi ti omi kún un. Kì í ṣe gbogbo wa ni agbára rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń san án, kí ó mọ ohun tí ó rà, kí ó sì máa wo iye tí ó kọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ rẹ̀. Náírà tí ó tó nǹkan bí 460 sí dọ́là kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,400 ní àárín ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sí iye ọdún 2022, iye náà ni ilé-iṣẹ́ yóò wò, owó yẹn kò sì ní ra ìdajì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ láti ọdún 1883, nínú ẹjọ́ Castellain àti Preston, pé ẹni tí òfò bá yóò gba ìwọ̀n òfò rẹ̀, kò ní gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò lè fi ìnṣọ́ránsì di olówó. Ṣùgbọ́n bí iye tí a kọ sílẹ̀ bá kéré, a lè fi di aláìní.

Àwọn bàbá wa mọ irú nǹkan yìí. Bí iná bá jó ilé ẹnì kan, ọ̀wẹ̀ ni a ó fi kọ́ òmíràn. Bí àìsàn bá dá àgbẹ̀ dúró, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró á bá a roko. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwọn ará àdúgbò rí iná náà lójú ara wọn. Ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kò rí i. Ẹ̀rí nìkan ni ojú tí ó fi ń ríran. Nítorí náà, bí omi bá ti fà, kí a tó gbá ọkọ̀ mọ́, kí a ya fọ́tò ibi tí omi gùn dé, nítorí ìlà ẹrẹ̀ tí ó wà lára ilẹ̀kùn ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù, òun ni aládùúgbò sì máa ń kọ́kọ́ bá wa nù kúrò. Kí a yọ wáyà bátìrì, kí a má yí kọ́kọ́rọ́, kí a wá ẹni tí yóò fà á. Kí a kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, nínú ìwé tí ọjọ́ wà lórí rẹ̀. Ìpè orí fóònù nìkan kò tó. A lè ká kápẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé kí ó gbẹ, a tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí wọ́n lè bi wá pé èé ṣe tí a fi jẹ́ kí òfò náà pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí mẹkáníìkì má tú ẹ́ńjìnnì kí aṣàyẹ̀wò tó dé, kí a má sì ju ohun tí ó bàjẹ́ nù. Gbogbo rìsíìtì, títí dé ti ẹni tí ó fa ọkọ̀, kí a kó o sójú kan.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ sanwó, wọn yóò gbé ìwé kan wá tí wọ́n ń pè ní discharge voucher. Ẹ ka ìwé yìí ju gbogbo ìwé ìṣáájú lọ. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i ti sọ pé òun gba owó yẹn tán pátápátá. Bí iye náà kò bá tó, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ kọ̀wé sí NAICOM ní Àbújá. Òfin ọdún 1997 ni ó dá àjọ náà sílẹ̀, òfin ìnṣọ́ránsì tuntun ti ọdún 2025, tí ó gba ipò ti ọdún 2003, sì tún fún un lágbára sí i.

Ohun kan kù tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá mu omi púpọ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò san owó rẹ̀ fún onílé, yóò sì gba ọkọ̀ náà, yóò tà á ní gbàǹjo. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé omi ti bà á jẹ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Kútọnu àti Èkó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín in ní tùràrí, à ń rà á ní tòkúnbọ̀. Kò ní pẹ́ tí wáyà inú rẹ̀ yóò máa jẹrà láti inú wá, kò sì sí ìnṣọ́ránsì kankan tí yóò sanwó fún omi tí ó wọ̀ ọ́ kí a tó rà á. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà wádìí ìtàn rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìparí rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá wà ní ìdí rẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí akọ̀wé ṣí fáìlì kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lè fi ẹ̀dà ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ àti fọ́tò ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn méjì nínú wa tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rí yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí láti bá ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ìwé rẹ̀ wá kà á. Àwọn awakọ̀ ni a ó kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò padà sójú ọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú.